Teslim Balógun: Àrá Orí Pápá, Ìtàn Rẹ̀ àti Àwòrán Rẹ̀

Ní ilé Yorùbá àtijọ́, bí àlejò bá wọlé, omi ni a kọ́kọ́ ń gbé fún un. Bí ó bá ti mu omi tán, tí ẹni tí ó wá kí kò sì tí ì jáde láti inú yàrá, ohun kejì tí a ń gbé lé e lọ́wọ́ ni ìwé àwòrán tí gbogbo ayé mọ̀ sí álúbọ́ọ̀mù. Àlejò yóò máa ṣí i ní ewé-ewé. Yóò rí ìyàwó ní ọjọ́ tí wọ́n gbé e, yóò rí ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ lórúkọ, yóò rí baba ilé nínú agbádá ní ọjọ́ tí ó jẹ oyè. Bí ó bá gbójú sókè, yóò tún rí àwọn àwòrán ńlá inú gíláàsì tí a fi kọ́ ara ògiri, lókè pátápátá lẹ́bàá àjà, tí orí wọn tẹ̀ síwájú díẹ̀ bí ìgbà tí àwọn tí ó wà nínú wọn ń bojú wo ohun tí à ń ṣe nísàlẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, àlejò ti mọ ẹni tí ó bí ẹni, ó ti mọ ẹni tí ó ti papò dà, ó sì ti mọ ohun tí ìdílé náà fi ń yangàn.

Nínú àwọn àwòrán wọ̀nyí, ọ̀kan wà tí kì í ṣe ti ìgbéyàwó, tí kì í sì í ṣe ti oyè. Àwòrán ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ni. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mọ́kànlá tò ní ìlà méjì; àwọn tí ó wà lẹ́yìn dúró, àwọn tí ó wà níwájú jókòó, wọ́n ká apá mọ́ àyà, wọ́n sì lejú bí ẹni tí a ní kí ó má rẹ́rìn-ín. Bọ́ọ̀lù kan wà láàárín ẹsẹ̀ ẹni tí í ṣe olórí wọn, a sì ti fi ẹfun kọ ọdún sí i lára. Bí ọmọdé bá béèrè ẹni tí wọ́n jẹ́, baba tàbí bàbá àgbà yóò fi ìka tọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí pìtàn. Orúkọ kan kì í pẹ́ jáde nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ní ìlú Èkó. Orúkọ náà ni Teslim Balógun, ẹni tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Thunder Balógun.

Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí ọkùnrin yìí ti lọ sí ibi tí àgbà ń rè. Àwọn tí ó fi ojú ara wọn rí i lórí pápá kò pọ̀ mọ́ láàárín wa. Ohun tí ó kù fún wa kò ju mẹ́ta lọ: ìwọ̀nba àkọsílẹ̀, ìwọ̀nba àwòrán, àti ìtàn ẹnu tí ó pọ̀ bí omi òjò. Àwọn Yorùbá a máa ní àrọ́bá ni baba ìtàn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ Thunder Balógun, ìtàn ẹnu ti ru bo òótọ́ mọ́lẹ̀ débi pé ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé tí ó mọ orúkọ rẹ̀ ni kò mọ ohun kan tí ó ṣe ní tòótọ́. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí bí ó ti rí.

Orúkọ mẹ́ta lórí ènìyàn kan

Èkó ni a bí Teslim Balógun sí, ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta. Ní ti ọdún, ìwé kò fi ohùn ṣọ̀kan: àwọn kan kọ 1927, àwọn ìwé àwọn òyìnbó tí ó ń to orúkọ agbábọ́ọ̀lù sì kọ 1931. Ẹ̀yin àgbà mọ̀ pé èyí kì í ṣe ohun ìyanu. Ní ìgbà tí a bí i, ọ̀pọ̀ òbí kò kọ ọjọ́ ìbí ọmọ sílẹ̀. Ogun tí ó jà, ọba tí ó wàjà, tàbí ọdún tí àrùn kan wọ̀lú ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí.

Orúkọ rẹ̀ àkọ́kọ́, Teslim, tí àwọn mìíràn ń kọ ní Tesilimi, ti inú èdè Lárúbáwá wá, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì jìnnà sí kí ènìyàn juwọ́ sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Orúkọ ìdílé rẹ̀, Balógun, jẹ́ oyè ẹni tí ó ń ṣáájú ogun. Ẹni tí ó juwọ́ sílẹ̀ fún Ọlọ́run ni ó tún ń jẹ́ olórí ogun. Ẹ̀kẹta ni àlàjẹ́ rẹ̀, Thunder, tí í ṣe àrá. Gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, ènìyàn kì í fún ara rẹ̀ ní àlàjẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ ẹni, àwọn ìyàwó ilé, tàbí àwọn tí ó rí iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ni í fún ni. Àwọn òǹwòran ni ó rí bí bọ́ọ̀lù ṣe ń kúrò ní ẹsẹ̀ Balógun, tí wọ́n sì ní kò sí ohun mìíràn tí a lè fi wé e bí kò ṣe àrá. Èdè òyìnbó ni wọ́n fi sọ ọ́ nítorí pé èdè tí wọ́n ń sọ lórí pápá àti nínú ìwé ìròyìn nìyẹn, ṣùgbọ́n ìṣe Yorùbá ni ó wà nídìí rẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn agbábọ́ọ̀lù wa ti ń gba àlàjẹ́ lẹ́nu òǹwòran, títí dé orí Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí tí wọ́n pè ní Mathematical.

Bọ́ọ̀lù ní Èkó lẹ́yìn ogun Hitler

Kí a tó lè mọ ẹni tí Balógun jẹ́, ó yẹ kí a mọ bí bọ́ọ̀lù ti rí nígbà ayé rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun ní Nàìjíríà nígbà náà. Àwọn ilé-iṣẹ́ ni ó ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù: ilé-iṣẹ́ rélùwéè ní tirẹ̀, ilé-iṣẹ́ Marine tí ó ń bójú tó ọkọ̀ ojú omi ní tirẹ̀, ilé-iṣẹ́ U.A.C. náà kò gbẹ́yìn. Akọ̀wé ni agbábọ́ọ̀lù láàárọ̀, tàbí kí ó jẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́. Ìrọ̀lẹ́ ni ó ń di akọni. Owó iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń gbà ní òpin oṣù, ohun tí bọ́ọ̀lù ń mú wá fún un kò ju orúkọ, ìyẹ́sí àti ìgbà mìíràn ipò nínú iṣẹ́ lọ. Nítorí náà, bí ilé-iṣẹ́ kan bá rí ọmọkùnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ bọ́ọ̀lù gbá, wọn yóò wá iṣẹ́ fún un kí ó lè gbá fún wọn. Báyìí ni Balógun ṣe gbá fún Marine, fún Railways, fún U.A.C. àti fún Pan Bank. Ó tilẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù dé ìlú Jọ́ọ̀sì.

Ní ọdún 1945 ni ìdíje ife-ẹ̀yẹ Gómìnà bẹ̀rẹ̀, èyí tí ó padà di Challenge Cup. Marine ni ó gbà á ní ọdún àkọ́kọ́, Railways sì gbà á ní 1946. Pápá ìṣeré Ọba George Karùn-ún ní Oníkán, tí a sọ lórúkọ mìíràn lẹ́yìn òmìnira, ni ojú gbogbo ń wò nígbà náà. Ibẹ̀ ni olówó àti tálákà ti ń pàdé. Ibẹ̀ ni orúkọ Balógun ti jáde. Ọkùnrin tí ó síngbọnlẹ̀ ni, iwájú ni ó sì ń gbá, ní ibi tí iṣẹ́ ènìyàn kò ju kí ó sọ bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n lọ.

Ẹsẹ̀ lásán ní Ìlú Ọba

Ọdún 1949 ni ohun tí ó sọ ọ́ di ẹni tí a kò lè gbàgbé ṣẹlẹ̀. Wọ́n ṣa àwọn agbábọ́ọ̀lù jọ láti oríṣiríṣi ẹ̀yà Nàìjíríà, wọ́n ní kí wọ́n lọ bá àwọn òyìnbó gbá bọ́ọ̀lù ní Ìlú Ọba. Méjìdínlógún ni wọ́n. Etim Henshaw, ọmọ Ẹ́fíìkì, ni olórí wọn. Sam Ibiam ni aṣọ́lé. Titus Okere, Dan Anyiam, John Dankaro àti àwọn mìíràn wà níbẹ̀, Teslim Balógun sì wà láàárín wọn. Jack Finch, òyìnbó tí ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Fulham rí, ni ó ń kọ́ wọn. Ọkọ̀ ojú omi tí a ń pè ní Apapa ni wọ́n wọ̀, wọ́n sì gúnlẹ̀ sí Liverpool ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ ní ibí yìí, nítorí pé àwòrán tí wọ́n yà nígbà náà ní ohun púpọ̀ láti sọ. Bí ẹ bá wo ẹsẹ̀ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ẹ óò rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò wọ bàtà. Ohun funfun kan ni ó yí ọrùn ẹsẹ̀ wọn ká títí dé àárín àtẹ́lẹsẹ̀, báńdéèjì ni. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn wà ní gbangba. Òmíràn nínú àwọn ọmọ òde òní yóò wo àwòrán náà, yóò sì sọ pé ìṣẹ́ ni. A kò lè sọ pé owó kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé bàtà bọ́ọ̀lù kò wọ́pọ̀, ó sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ wà níbẹ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ lásán gbá bọ́ọ̀lù lórí iyanrìn àti ilẹ̀ líle. Ẹsẹ̀ wọn mọ bọ́ọ̀lù bí ìka onílù ti mọ awọ. Bí a bá fi bàtà bò ó, ó dà bí ìgbà tí a fi aṣọ di etí ẹni tí ó fẹ́ gbọ́rọ̀.

Àwọn òyìnbó tí ó wá wòran rò pé ẹ̀rín ni àwọn yóò fi í rín. Ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́, ní Crosby lẹ́bàá Liverpool, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ lásán wọ̀nyí na ẹgbẹ́ Marine ti ibẹ̀ ní 5 sí 2. Kí ẹ má ṣe rò pé báyìí ni gbogbo rẹ̀ rí. Bí òjò bá rọ̀, tí koríko tutù, tí ẹrẹ̀ dé, ẹlẹ́sẹ̀ lásán a máa yọ̀ ṣùbú níbi tí oníbàtà ti dúró ṣinṣin. Ẹgbẹ́ Bishop Auckland na àwọn ọmọ wa ní 5 sí 2. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́sàn-án tí wọ́n gbá, wọ́n borí nínú 2, wọ́n ta ọ̀mì nínú 2, wọ́n sì fìdí rẹmi nínú 5.

Bí a bá wo iye yìí ní ojú lásán, a lè sọ pé wọn kò ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìgbà tí a wí yìí. Òyìnbó ni ó ń ṣe àkóso wa. Ọ̀pọ̀ ará Ìlú Ọba kò tí ì rí ọmọ Nàìjíríà kan rí, ohun tí wọ́n sì ti kà nípa wa kò dára. Fún oṣù kan gbáko, wọ́n rí ọmọ Yorùbá, ọmọ Igbo, ọmọ Ẹ́fíìkì àti àwọn mìíràn tí wọ́n wọ aṣọ kan náà, tí wọ́n ń gba bọ́ọ̀lù fún ara wọn, tí wọ́n ń borí tí wọn kò gbéraga, tí wọ́n sì ń fìdí rẹmi tí wọn kò bínú. Kò tí ì sí orílẹ̀-èdè olómìnira tí ń jẹ́ Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ikọ̀ rẹ̀ ti wà. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wá sílé, ọkọ̀ wọn yà ní Freetown, wọ́n sì na Sierra Leone ní 2 sí 0 ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹwàá, ọdún 1949. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ yìí ni a kà sí àkọ́kọ́ nínú gbogbo èyí tí Nàìjíríà bá orílẹ̀-èdè mìíràn gbá. Gbogbo ayọ̀ tí a ti yọ̀ lórí bọ́ọ̀lù láti ìgbà náà, ibẹ̀ ni orísun rẹ̀. UK Tourists ni àwọn ènìyàn ń pe àwọn méjìdínlógún náà títí ọjọ́ fi lọ.

Láti Èkó lọ sí Peterborough

Ní ọdún 1951 ni ìdíje Jalco bẹ̀rẹ̀ láàárín Nàìjíríà àti Gold Coast tí ó di Ghana lẹ́yìn òmìnira wọn ní 1957. Ìjà orogún ni ìjà bọ́ọ̀lù àwọn orílẹ̀-èdè méjèèjì, kò sì tí ì tán. Balógun wà lára àwọn tí ó gbá fún Nàìjíríà ní àwọn ọdún náà. Àwọ̀ pupa ni aṣọ ikọ̀ wa nígbà náà, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè wọ́n ní Red Devils. Ìgbà tí òmìnira dé ni a bọ́ pupa sílẹ̀ tí a gbé àwọ̀ ewé wọ̀. Ẹni tí ó bá ń wo àwòrán dúdú àti funfun ti àkókò náà kò lè mọ èyí, àfi bí àgbà kan bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti sọ fún un. Ní 1952, ẹgbẹ́ Pan Bank gba ife-ẹ̀yẹ Gómìnà.

Ní ọdún 1955, Balógun padà sí Ìlú Ọba. Kì í ṣe bí àlejò oṣù kan mọ́, ó lọ láti máa gbé ibẹ̀. Titus Okere ti ṣáájú rẹ̀ lọ sí ẹgbẹ́ Swindon Town ní 1953. Peterborough United ni ó gba Balógun, ẹgbẹ́ tí kò tí ì wọ inú líìgì ńlá nígbà náà. Ní 1956, ó bọ́ sí Queens Park Rangers ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó wà ní Ìpele Kẹta ti Gúúsù. Tesi ni àwọn òyìnbó gé orúkọ rẹ̀ sí. Ó gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì 13 fún wọn, ó sì jẹ gọ́ọ̀lù 3. Ó tún gbá fún Holbeach United kí ó tó padà wá sílé.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé gọ́ọ̀lù 3 kò tó nǹkan fún ẹni tí a pè ní Àrá. Àwa kò ní fi irọ́ kún un. Kò di ìràwọ̀ ńlá ní Ìlú Ọba. Ọkùnrin tí ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún ọdún púpọ̀ kí ó tó débẹ̀ ni. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe òtútù Jọ́ọ̀sì. Bàtà ibẹ̀ kì í ṣe báńdéèjì. Àwọn tí ó sì dúró tì í lórí pápá àti ní ẹ̀yìn rẹ̀ kò mọ ibi tí ó ti wá. Síbẹ̀, ó dúró. Ó wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí a kọ orúkọ wọn sínú ìwé líìgì Ìlú Ọba, tí a sì san owó fún láti gbá bọ́ọ̀lù. Lónìí tí àwọn ọmọ wa ń lọ síbẹ̀ tí wọ́n sì ń di olówó, ó yẹ kí wọ́n mọ̀ pé ẹnìkan ni ó kọ́kọ́ la ọ̀nà náà nígbà tí igbó ṣì wà níbẹ̀.

Ọ̀gá tí ó di olùkọ́

Àṣà wa ni pé ọdẹ tí apá rẹ̀ kò ká ẹran mọ́ ni í máa kọ́ àwọn ọmọ ọdẹ. Nígbà tí Balógun fi bọ́ọ̀lù gbígbá sílẹ̀, iṣẹ́ olùkọ́ni ni ó gbà. Ó wà lára àwọn ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1968, tí ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà kọ́kọ́ lọ sí ìdíje Òlíńpíìkì, ní Mẹ́síkò, ó wà nínú àwọn tí ó kọ́ wọn. Japan na wọ́n ní 3 sí 1, Spain na wọ́n ní 3 sí 0. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kan Brazil, tí gbogbo ayé ń pè ní ọ̀gá bọ́ọ̀lù, wọ́n ta ọ̀mì, 3 sí 3. Ẹ má gbàgbé pé ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́ ní ilé ní àkókò náà.

Teslim Balógun jáde láyé ní ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù keje, ọdún 1972. Kò tí ì pé ọmọ àádọ́ta ọdún, èyíkéyìí tí a bá gbà nínú ọdún ìbí méjèèjì. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n ṣí pápá ìṣeré ńlá orílẹ̀-èdè ní Surulérè.

Irọ́ tí ó gùn ju òótọ́ lọ

A wá dé ibi tí ó jẹ wá lógún jù. Kò sí ọgbà ilé-ìwé tí àwọn ọmọ kò ti pa ìtàn kan fún ara wọn nípa Thunder Balógun. Wọ́n á ní Nàìjíríà àti Íńdíà gbá bọ́ọ̀lù ní ọjọ́ kan. Wọ́n á ní àwọn ará Íńdíà lo oògùn, bọ́ọ̀lù di kìnnìún, ó di iná, ó di òkúta. Aṣọ́lé wọn sì di ènìyàn púpọ̀ ní ẹnu ilé. Íńdíà jẹ gọ́ọ̀lù 99. Wọ́n wá ní bí Nàìjíríà bá lè jẹ ẹyọ kan ṣoṣo, Nàìjíríà ni yóò borí. Thunder Balógun fi ẹsẹ̀ tí òfin ti ní kí ó má fi gbá bọ́ọ̀lù mọ́ gbá a, bọ́ọ̀lù gba inú aṣọ́lé kọjá wọ àwọ̀n, aṣọ́lé kú, Balógun náà sì ṣubú lulẹ̀, ó kú.

Ìtàn náà dùn. Ṣùgbọ́n kò sí òótọ́ níbẹ̀. Nàìjíríà àti Íńdíà kò gbá irú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Kò sí aṣọ́lé tí ó kú. Balógun kò kú sórí pápá. Nígbà tí ó kú ní 1972, olùkọ́ni ni, kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù mọ́. Ẹni tí ó ṣubú lórí pápá tí ó sì kú ní tòótọ́ ni Samuel Okwaraji, ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Nàìjíríà àti Àǹgólà ní Surulérè, ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹjọ ọdún 1989. Ọkàn rẹ̀ ni ó dáṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ pa ikú ọkùnrin kan pọ̀ mọ́ orúkọ ọkùnrin mìíràn, ìyà sì jẹ àwọn méjèèjì.

Ó ṣeé ṣe kí gbòǹgbò ìtàn náà wà nínú ohun tí ó jẹ́ òótọ́. Ní ìdíje Òlíńpíìkì Lọ́ńdọ̀nù ní 1948, ọ̀pọ̀ àwọn ará Íńdíà fi ẹsẹ̀ lásán gbá bọ́ọ̀lù, Faransé sì fi 2 sí 1 borí wọn. Wọn kò lọ sí ìdíje ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ní Brazil ní 1950, ìròyìn sì tàn ká pé nítorí pé wọn kò jẹ́ kí wọ́n gbá a láìwọ bàtà ni. Ọdún kan lẹ́yìn Òlíńpíìkì yẹn ni àwọn ọmọ wa fi ẹsẹ̀ lásán gbá tiwọn ní Ìlú Ọba kan náà. Orílẹ̀-èdè méjì ni wọ́n, abẹ́ òyìnbó kan náà ni àwọn méjèèjì wà tàbí ti ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ẹsẹ̀ lásán sì ni ó so wọ́n pọ̀ ní ẹnu àwọn tí ó gbọ́ ìròyìn. Láti ibẹ̀ dé ibi oògùn, ọ̀nà kò jìn fún ọmọdé.

Àwọn ẹlòmíràn lè wí pé kí ni ó burú níbẹ̀, ṣé oríkì náà kì í fẹ ènìyàn lójú ni? Bẹ́ẹ̀ ni, oríkì a máa fẹ ènìyàn lójú. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa mọ ìyàtọ̀ láàárín àlọ́ àti ìtàn. Bí wọ́n bá fẹ́ pa àlọ́, wọ́n á kọ́kọ́ kéde pé àlọ́ ni, àwọn ọmọ á sì dáhùn. Kò sí ẹni tí ó fi ìjàpá búra níwájú ọba. Ìtàn ní ibi tirẹ̀, ó ní ẹni tí ó ń jẹ́rìí sí i, ìdílé kan sì lè dìde kí ó ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó bàjẹ́ nínú ọ̀rọ̀ Balógun ni pé a gbé àlọ́ sí ipò ìtàn. Ọmọ tí ó gbà gbọ́ pé oògùn àti ikú ni ó sọ Balógun di ńlá kò ní kọ́ ohunkóhun lára rẹ̀. Ọmọ tí ó mọ̀ pé ọkùnrin náà fi ẹsẹ̀ lásán jáde sórí koríko òyìnbó, tí ó fìdí rẹmi, tí ó tún padà lọ, tí ó sì wá ilé wá kọ́ àwọn mìíràn, ọmọ náà ti rí ohun tí yóò mú dání.

Iṣẹ́ tí ó kù fún wa

Ìpínlẹ̀ Èkó fi orúkọ rẹ̀ sọ pápá ìṣeré kan ní Surulérè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ìṣeré ńlá orílẹ̀-èdè. Ọdún 1984 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, 2007 ni wọ́n ṣí i; ó gba nǹkan bí 24,000 òǹwòran. Àjọ kan tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ náà wà, èyí tí a dá sílẹ̀ láti ran ìdílé àwọn agbábọ́ọ̀lù àtijọ́ tí nǹkan kò rọrùn fún lọ́wọ́. Ohun rere ni, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn tí a pàtẹ́wọ́ fún ní ọ̀sán ni a gbàgbé ní alẹ́. Ènìyàn kú, orúkọ kù. Ṣùgbọ́n orúkọ nìkan kò tó. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ó ń kọjá lẹ́nu pápá náà lè rò pé olówó kan tàbí olóṣèlú kan ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ibẹ̀.

Ohun tí ó lè dá òótọ́ padà ni àwọn àwòrán tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Àwòrán ni ó ń jẹ́rìí pé ẹsẹ̀ lásán ni. Àwòrán ni ó ń jẹ́rìí pé ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni Balógun, tí ó káwọ́ mọ́ àyà bí àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n àwọn àwòrán náà ń parun. Ìkán ń jẹ wọ́n nínú àpótí, òjò ń jò sí wọn lára ògiri. Bí àgbà kan bá kú, àwọn ọmọ tí ó wá pín ogún a máa du ilẹ̀ àti ilé, wọn a sì gbá ìwé àwòrán jọ sí ẹ̀yìnkùlé, wọn a dáná sun ún. Bí ayàwòrán àtijọ́ bá ti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ pa, àkìtàn ni àwọn fíìmù rẹ̀ ń lọ. Èyí tí ó burú jù ni àwòrán tí ó kù tí kò ní orúkọ lẹ́yìn. A óò rí ọ̀dọ́mọkùnrin mọ́kànlá, a óò mọ ẹnìkan, àwọn mẹ́wàá yòókù yóò di ẹni àìmọ̀ títí láé, bẹ́ẹ̀ ọmọ ẹnìkan ni wọ́n, baba ẹnìkan sì ni wọ́n.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín lọ sílé ní ìsinmi tí ó ń bọ̀. Kí wọ́n bẹ àwọn àgbà kí wọ́n gbé àpótí jáde. Kí wọ́n béèrè orúkọ ẹni kọ̀ọ̀kan láti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún, ọdún tí wọ́n yà á, pápá tí ó jẹ́, àti ẹni tí wọ́n bá gbá. Kí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sẹ́yìn àwòrán náà jẹ́jẹ́, kí wọ́n má ṣe lo bírò, nítorí pé yíǹkì a máa jẹ àwòrán. Kí wọ́n má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, kí wọ́n má sì gbé e kọ́ sí ibi tí oòrùn ti ń ràn án. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni, pé kò tó ohun tí à ń pìtàn fún ọmọ. Ẹni tí ó bá mọ ohun kan, kí ó sọ ọ́ nígbà tí ohùn ṣì wà. Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a, ṣùgbọ́n bí òtítọ́ kò bá ní ẹni tí yóò gbé e rìn, kò ní dé ibẹ̀.

Kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún Teslim Balógun àti àwọn tí ó bá a wọ ọkọ̀ ní 1949. Kí ó sì jẹ́ kí àwọn tí ó bá wá lẹ́yìn wa rí àwòrán wọn, kí wọ́n lè fi ìka tọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì dárúkọ wọn láìṣì.